Káàdì Alájọ Lórí Sáfà: Bí A Ṣe Fún Ẹ̀sùn Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Nọ́ńbà

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ti ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá mú ẹ̀sùn wá, ìbéèrè kò dáwọ́ dúró. Ta ló ń fún wa ní nọ́ńbà? Ibo ni ọ̀rọ̀ tí a kọ ń lọ? Ta ló ń kà á? Àwa mẹ́ta tí a jókòó ti iṣẹ́ náà la fẹ́ dáhùn lónìí, méjì láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, ẹnì kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ará yàrá ọ̀kan nínú wa.

Bí Yorùbá bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, wọn a ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò mẹ́ta tó fi ra kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní bàbá náà a máa gba owó àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láì kọ ọ́ sílẹ̀, bí oṣù bá sì parí, a dá owó oníkálukú padà fún un, kò ní ṣì í. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni alájọ Ṣómólú. Àwọn alájọ tó kù ń lo káàdì: wọ́n fa ìlà kan sára káàdì oníbàárà, wọ́n fa òmíràn sínú ìwé tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́ lọ́la.

Fún ọdún pípẹ́, bí alájọ Ṣómólú ni ẹgbẹ́ wa ṣe ń gba ẹ̀sùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èsì ìdánwò rẹ̀ kò jáde, èyí tí òjò ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní họ́sítẹ̀lì, èyí tó sanwó tí orúkọ rẹ̀ kò sì hàn, orí WhatsApp ni gbogbo wọn ti ń kọ̀wé sí olóyè tó ń bójú tó ìgbáyégbádùn. Olóyè á dáhùn pé, "Mo ti rí i, màá bá ẹ dá sí i." Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ogójì mìíràn á ti wọlé, ti àárọ̀ á ti sún sókè títí tí ojú kò fi tó o mọ́. Bí ọdún bá yí po, a ó dìbò, àwọn olóyè tuntun á wọlé, àwọn ti tẹ́lẹ̀ á gboyè, wọ́n á sì di àgùnbánirọ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣáájú wa kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Inú fóònù wọn ni iṣẹ́ náà wà, fóònù sì bá wọn lọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń wá kò ju káàdì alájọ lọ. A fẹ́ kí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó mú un wá ní nọ́ńbà náà lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ náà ní i lọ́wọ́. A fẹ́ kí gbogbo ìdáhùn wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ̀sùn má sì kúrò lórí tábìlì títí tí ẹnì kan á fi pa á dé, tó sì sọ ìdí tó fi pa á dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ní irú ètò yìí tipẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe ẹ̀sùn oní-nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ètò náà ló sì wà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí sáfà ara rẹ̀.

A wo mẹ́ta nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni Request Tracker, tí Jesse Vincent bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996 tó sì kọ pẹ̀lú èdè Perl; akínkanjú ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wa tó gbọ́ Perl, a sì ronú pé ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa lè má gbọ́ ọ náà. Èkejì ni Zammad láti Jámánì, tó rẹwà lójú, àmọ́ tó ń jẹ rámù ju ohun tí owó wa ká lọ, pàápàá bí ẹ bá gbé Elasticsearch tì í. Ẹ̀kẹta ni osTicket, tí wọ́n fi PHP kọ, tó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú MySQL tàbí MariaDB, tí sáfà kékeré sì lè gbé. Òun la mú. Ìdí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé PHP wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà wa. Bí a bá lọ lọ́la, a ó rí ẹni tí yóò mọ ọ̀nà àbáyọ.

Àwọn kan bi wá pé kí ló dé tí a kò kàn lo fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù dára fún kíka iye ẹni tó fẹ́ jẹ ìrẹsì níbi àpèjẹ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àkáǹtì ẹnì kan ló máa ń wà, bí ẹni náà bá sì lọ, ó di ti WhatsApp náà nìyẹn. Ìdí kejì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ àìsàn wà, ọ̀rọ̀ gbèsè wà, ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹnì kan ń dọdẹ rẹ̀ wà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra ju ti yòókù lọ. Ẹni tó bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọlàkejì gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó kó o sí.

A kò gbé sáfà náà sí họ́sítẹ̀lì o. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe ń ṣe wá. Àyágbé ni, sáfà kékeré kan tó ní rámù gígábáìtì méjì, tí a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹ̀yin tó ti gboyè jáde ló fi káàdì rẹ̀ san ọdún àkọ́kọ́, nítorí dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ilé àyágbé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa la ni ẹrù inú rẹ̀, bí a bá sì fẹ́ kó jáde lọ́la, a ó di ẹrù wa, a ó gbé e lọ sí ilé mìíràn, kò ní ku nǹkan kan sẹ́yìn.

Linux ló wà lórí sáfà náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Debian. Ó wù wá láti rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Linus Torvalds nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní Helsinki lọ́dún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni Ian Murdock náà nígbà tó dá Debian sílẹ̀ lọ́dún 1993. Debian 12 la mú, nítorí PHP 8.2 ló bá a wá, ẹ̀yà osTicket 1.18 sì ń bá PHP yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín: ẹ kọ́kọ́ wo PHP tí ètò yín ń fẹ́, kí ẹ tó yan Linux tí yóò gbé e. Ẹsẹ̀ la fi ń wọn bàtà.

Kí a tó gbé ohunkóhun wọlé, a ti ilẹ̀kùn ná. Sáfà tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í pẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ tí a kò mọ̀ rí fi máa ń wá kan ilẹ̀kùn SSH rẹ̀, tí wọ́n á máa pe orúkọ "root" àti "admin" pẹ̀lú oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ aṣínà bóyá ọ̀kan á bọ́ sí i. A sọ ọ́ di èèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ SSH nìkan ló ń ṣí i. A wá lo ufw láti ti gbogbo ojú ọ̀nà yòókù, àfi mẹ́ta: 22 fún àwa tí à ń tọ́jú rẹ̀, 80 àti 443 fún àwọn tó ń bọ̀ láti ojú búráósà.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ wá yá. Àṣẹ apt kan ṣoṣo ló kó àwọn èròjà wá: Apache, MariaDB, PHP, àti àwọn àfikún PHP tí osTicket ń fẹ́, bíi mysql, gd, imap, xml, mbstring, intl àti apcu. Nínú MariaDB, a dá database kan sílẹ̀, a sì dá orúkọ ìwọlé kan tí kò ní àṣẹ lórí ohunkóhun àyàfi database yẹn. A tú zip osTicket. Fódà "upload" àti fódà "scripts" ló wà nínú rẹ̀. Ohun inú "upload" la kó lọ sí /var/www/osticket. A ṣe àdàkọ fáìlì include/ost-sampleconfig.php, a pe àdàkọ náà ní include/ost-config.php, a sì fún un ní àyè 0666 kí ètò náà lè kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. A ṣí búráósà, fọ́ọ̀mù jáde, a kọ orúkọ ẹgbẹ́, ímeèlì, orúkọ database, a tẹ bọ́tìnnì. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ní òun ti parí.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ohun méjì wà tí ẹni tó ń kánjú máa ń fò. Ẹ gbọ́dọ̀ dá àyè fáìlì ost-config.php padà sí 0644, kí ẹ sì pa fódà "setup" rẹ́ pátápátá. Ẹni tó kọ́lé tán tó fi àkàbà àwọn bíríkìlà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, olè ló ń ránṣẹ́ pè. Lẹ́yìn ìyẹn, a gba ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ Let's Encrypt kí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ má baà máa rìn ní ìhòòhò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ìwé-ẹ̀rí náà ń lò, certbot sì ń tún un gbà fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ó ku cron, tó dà bí ẹni tó ń lu agogo. osTicket kì í dédé lọ wo àpótí ímeèlì. Àfi bí ẹnì kan bá rán an. A ní kí cron máa pe fáìlì api/cron.php ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, lábẹ́ orúkọ www-data. A sì ní kí aago rẹ̀ máa ka Africa/Lagos. Ọ̀rọ̀ aago yìí kì í ṣe àwàdà. Wákàtí kan ni UTC fi wà lẹ́yìn wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ̀wé ní aago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, UTC á kọ ọ́ sí alẹ́ ọjọ́ Ajé fún un. Níbi tí gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ kúòsì bá ti wọ̀ ọ́, wákàtí kan lè sọ olódodo di onírọ́.

Ímeèlì ló lágídí jù. Sáfà tuntun tó bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ímeèlì ránṣẹ́, ojú ajínigbé ni àwọn tó ń gbà á fi ń wò ó. Wọ́n á sọ ọ́ sínú spam. Nítorí náà, a kò jẹ́ kí sáfà náà máa dá ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. A gbà á láti ojú ọ̀nà 587 lọ sọ́dọ̀ olùpèsè ímeèlì tí wọ́n ti mọ̀, a sì kọ àkọsílẹ̀ SPF, DKIM àti DMARC sára orúkọ ìtàkùn wa. Ẹ kà wọ́n sí lẹ́tà ìfinimọ̀nà: SPF ń sọ ẹni tó láṣẹ láti jíṣẹ́ wa, DKIM ń fi òǹtẹ̀ sí lẹ́tà, DMARC ń sọ ohun tí kí wọ́n ṣe sí ẹni tó bá fi orúkọ wa jíṣẹ́ tí a kò rán an.

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, ìrọ̀lẹ́ méjì ló gbà wá. Ohun tó gbà wá lọ́sẹ̀ mélòó kan ni èyí tí ìwé ìlànà kankan kò sọ.

Àkọ́kọ́ ni èdè. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ni wá, kò yẹ kí ẹ̀rọ wa máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kí èèyàn. A kọ àwọn àkọlé ẹ̀sùn lédè wa: Èsì Ìdánwò, Họ́sítẹ̀lì, Owó Ilé-ìwé, Ìlera, Ọ̀rọ̀ Àṣírí. A tún ìdáhùn tí ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kọ. Níbẹ̀ la ti rí i pé orúkọ àbísọ ni ètò náà fi ń pe oníkálukú. Lójú àwọn tó kọ ọ́, ìbọ̀wọ̀ nìyẹn. Lójú tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà wà nínú ẹ̀ka wa, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta wà nínú wọn. Ẹ̀rọ wo ló máa pe ìyá bẹ́ẹ̀ ní "Fúnkẹ́" gbéńdékún? A yọ orúkọ kúrò, a sì fi "ẹ" sí gbogbo ibi tí "o" ì bá wà: "A ti gbọ́ ẹ̀sùn yín. Nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Ẹ tọ́jú rẹ̀." Kò sẹ́ni tó kéré jù láti gba "ẹ" lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Àmì ohùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú UTF-8, lẹ́tà "ẹ" nìkan gba báìtì mẹ́ta. Bí ẹ bá fi àmì òkè lé e, ó di márùn-ún, nítorí kò sí àyè kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún "ẹ́" nínú Unicode, lẹ́tà àti àmì ló máa ń so pọ̀. A fi ọ̀rọ̀ alámì kún fọ́ọ̀mù, a fi ránṣẹ́, a ṣí i nínú database, a ṣí i nínú ímeèlì, kí ó tó dá wa lójú pé kò sí ibi tó ti di àmì ìbéèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kì í fi àmì sí i, fóònù kò jẹ́. Ẹnì kan kọ̀wé pé, "Oko ko wa lati aaro." Ọkọ̀ tó ń kó wa lọ sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ. Àwọn tó ka àkọlé náà ṣáájú wa ti rẹ́rìn-ín tó kí a tó dé ìdí rẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ àṣírí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí a ń pín iṣẹ́ fún àwọn olóyè nínú ètò náà, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní kí a fún òun ní àyè tí yóò fi lè rí gbogbo ẹ̀sùn. Ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu: òun ni wọn yóò bi léèrè bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn wá béèrè pé, "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n fẹjọ́ yín sùn ńkọ́?" Gbogbo ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé aṣáájú náà ṣe nǹkan kan, òun náà kò sì bínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò ṣeé gbé mì. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀gá yóò ka ẹjọ́ tí òun fi ọ̀gá sùn kò ní kọ ọ́ rárá. Ètò ẹ̀sùn tí ẹlẹ́jọ́ ń bẹ̀rù, pákó lásán ni.

osTicket jẹ́ kí a pín ilé náà sí yàrá. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tí kò sí nínú ẹ̀ka kan kò lè rí tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. A sọ Ọ̀rọ̀ Àṣírí di ẹ̀ka ọ̀tọ̀, ẹni méjì péré ló ń wọ ibẹ̀: obìnrin kan nínú àwọn olóyè, àti olùkọ́ kan tó jẹ́ olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ̀sùn bá kan ọ̀kan nínú wọn, èkejì wà níbẹ̀. A sì mú un ní dandan pé nọ́ńbà nìkan kò tó láti yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Líǹkì á kọ́kọ́ lọ sínú ímeèlì ẹni tó ni ín. Nọ́ńbà náà kì í tẹ̀ léra, ẹ̀rọ ló ń ṣà á, nítorí náà ẹni tó gba tirẹ̀ lónìí kò lè fi mọ ti ẹni tó tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun bá wọlé, ètò náà máa ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ àti ti alábòójútó, ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gan-an sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé a lè ti yàrá pa, kí àṣírí tún gba ojú fèrèsé jáde lọ sínú fóònù tó wà lórí tábìlì níbi tí èèyàn mẹ́fà ti ń jẹun. A yọ alábòójútó kúrò nínú ìkìlọ̀, a sì tún àwòṣe rẹ̀ kọ kí ó má gbé ju nọ́ńbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà yóò wọlé wá kà á.

Ó wá ku àwa. Ẹni tó bá ní root lórí sáfà, kò sí yàrá tí kò lè ṣí. A lè ka database láì gba ẹnu ọ̀nà osTicket kọjá rárá. Kò sí ètò kan tó lè mú ìyẹn kúrò, àfi kí a sọ ọ́ síta. Nítorí náà, lókè fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn la kọ ọ́ sí: ipò ẹni tó ń ka ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àti pé àwọn mẹ́ta tó ń tọ́jú sáfà lágbára láti rí i, wọ́n sì ti búra pé àwọn kò ní wò ó. Ẹnì kan ní ìyẹn á lé èèyàn sá. Ní tiwa, ẹni tó bá sá nítorí òtítọ́ ní ẹ̀tọ́ láti sá, ó sì lè lọ bá olùdámọ̀ràn lójúkojú.

Lálaalẹ́, mysqldump ń ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀, a ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà dì í, a sì ń gbé e lọ síbòmíràn. Nítorí pé inú database ni osTicket máa ń kó àwòrán àti fáìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi tì í sí, àdàkọ kan yẹn ti kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ohun gbogbo. Ohun tí kò kó ni ost-config.php. Inú fáìlì yẹn ni ìlà tí wọ́n ń pè ní SECRET_SALT wà, òun ni ètò náà fi ń di ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì tó wà nínú database. Ẹ pa méjèèjì mọ́ pọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń tú àdàkọ náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti wò ó bóyá yóò jí. Àdàkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò rí, ìrètí lásán ni.

Ǹjẹ́ ó ti yí nǹkan padà? Ẹ̀sùn kan wà tí a lè sọ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni ín ti gbà. Èsì kúòsì kan kò jáde fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún ìkẹyìn, láìsí èsì náà kò ní lè lọ sìn ilẹ̀ baba rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olóyè tó kọ́kọ́ gbà á lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ láàárín sẹ̀mẹ́sítà. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá kú sí. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ṣí nọ́ńbà náà, ó rí ọjọ́ tí wọ́n mú ẹ̀sùn wá, ó rí àwòrán ìwé ìdánwò, ó rí ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì àti ohun tí wọ́n sọ fún wọn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó gbé e lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò pariwo. Ó kàn gbé ìwé náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Èsì náà jáde kí orúkọ tó lọ.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í tún òrùlé ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì họ́sítẹ̀lì wà níbẹ̀ tí kò tíì ṣeé pa dé, nítorí owó àtúnṣe kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìpàdé gbogboogbò ń bọ̀, ẹnì kan dábàá pé kí a pa wọ́n dé kí ìròyìn lè dùn létí. A kò gbà. Bí a bá tilẹ̀ pa á dé, bí ẹni tó ni ẹ̀sùn bá fèsì, osTicket á tún ṣí i padà. Ẹ̀rọ náà mọ̀ ju wa lọ níbẹ̀ yẹn: ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló lè sọ pé ó ti tó. A ka iye tó ṣì wà ní ṣíṣí síta fún ìpàdé. Kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo wa jọ mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Ní ìparí sáà yìí, a ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. A ti kọ ohun gbogbo sínú ìwé lédè Yorùbá: bí wọ́n ṣe ń wọlé, bí wọ́n ṣe ń mú ètò náà dójú ìwọ̀n, ọjọ́ tí owó sáfà ń pé, bí wọ́n ṣe ń tú àdàkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ SSH tiwọn sí fáìlì authorized_keys, wọ́n máa yọ tiwa kúrò lójú wa, a ó sì gbìyànjú láti wọlé kí wọ́n lè rí i pé ilẹ̀kùn kò ṣí fún wa mọ́. Iṣẹ́ yóò ṣẹ́kù, ẹ̀sùn yóò ṣẹ́kù, ẹni tó mú un wá yóò ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́. Àwa nìkan ló máa lọ.

Bí ẹgbẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ìwé náà wà, a ó fún yín. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá rí ibi tí ilẹ̀kùn kò ti dé dáadáa, ẹ pè wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ àṣẹ àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ pinnu ẹni tí yóò máa dáhùn. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni fífi osTicket sórí Linux. Ẹni tí ẹ bá fún ní nọ́ńbà yóò máa retí yín lójoojúmọ́.

Ire o.